Ètò Ṣáájú Agbára: Àgbéyẹ̀wò Fóháàndì Àwọn Ọ̀jẹ̀ Nínú Eré Tẹ́níìsì

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbá bọ́ọ̀lù nínú eré tẹ́níìsì, fóháàndì ni èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀ fi ń jagun. Fóháàndì ni ìgbá tí eléré ń gbá ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí ó di rákẹ́ẹ̀tì mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ, nígbà tí bákíháǹdì jẹ́ òdìkejì rẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn ọwọ́ ti ń ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń wo irú ìgbá bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè lè rò pé apá líle ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé apá ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ara, àwọn olùkọ́ni àti ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ jọ ń jẹ́rìí sí ni pé láti ilẹ̀ ni agbára ti ń bẹ̀rẹ̀, pé apá wà lára àwọn tí ó ń gbà á kẹ́yìn, àti pé ètò tí àwọn ẹ̀yà ara fi ń gba agbára lọ́wọ́ ara wọn ni ó ya ọ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn lágbára. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé ni bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ilẹ̀ àti ohun èlò ṣe yí i padà láti ìgbà dé ìgbà, àti ibi tí àwọn ọ̀jẹ̀ ti yàtọ̀ síra wọn láìṣe pé ẹnì kan jẹ̀bi.

Ìdìmú àti ilẹ̀ tí ó bí i

Ìdìmú ni ìpìlẹ̀, nítorí òun ni ó ń pinnu ibi tí ojú rákẹ́ẹ̀tì yóò kọ sí nígbà tí ó bá kan bọ́ọ̀lù. Èèkù rákẹ́ẹ̀tì kò rí róbótó. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ni ó ní. Bí a bá dá rákẹ́ẹ̀tì dúró lórí etí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sókè ni àwọn olùkọ́ni ń kà sí èkínní, wọn yóò sì máa kà lọ sápá ọ̀tún, kí wọ́n tó wo ẹ̀gbẹ́ tí oríkèé ìsàlẹ̀ ìka ìfábẹ̀lá sinmi lé. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bí oríkèé yìí bá wà lórí ẹ̀gbẹ́ kejì, Continental ni orúkọ ìdìmú náà. Bí ó bá wà lórí ẹ̀kẹta, Eastern ni. Lórí ẹ̀kẹrin, semi-Western. Lórí ẹ̀karùn-ún, Western. Bí ọwọ́ bá ti ń yí lọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì sí ẹ̀karùn-ún ni àtẹ́lẹwọ́ ń wọ abẹ́ èèkù, tí ojú rákẹ́ẹ̀tì ń dojú bolẹ̀ sí i, tí ibi tí ó tọ́ láti pàdé bọ́ọ̀lù sì ń ga sí i, tí ó tún ń jìnnà sí iwájú ara.

Àwọn ìdìmú wọ̀nyí kò ṣeé yà kúrò lára ilẹ̀ tí wọ́n ti jáde wá. Lórí pápá koríko, bọ́ọ̀lù kì í ta sókè púpọ̀. Ṣe ni ó máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ kọjá ní ìsàlẹ̀ orúnkún, Continental sì bá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mu, nítorí ó máa ń ṣí ojú rákẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀. Ìdìmú yìí ni Fred Perry, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gba ife ẹ̀yẹ Wimbledon nígbà mẹ́ta léraléra, láti 1934 sí 1936. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, orí pápá sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ eré náà, bọ́ọ̀lù sì máa ń ta dé èjìká níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdìmú Western ti gbilẹ̀, òun sì ni Bill Johnston, ọkùnrin kúkúrú tí ó gba Wimbledon ní 1923, fi di ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù fóháàndì rẹ̀. Ìdìmú Eastern, tí Bill Tilden gbé lárugẹ, ti apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wá, ó sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Títí di 1974, mẹ́ta nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin inú tẹ́níìsì ni wọ́n ń gbá lórí koríko, Roland Garros ní Paris nìkan sì ni ó wà lórí amọ̀. Ní 1975 ni US Open kúrò lórí koríko, tí Australian Open sì kúrò lórí rẹ̀ ní 1988. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè ní ọ̀pọ̀ ibi, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ abẹ́ èèkù. Björn Borg, ọmọ Sweden, ti ṣáájú wọn mọ ọ̀nà yìí: ó fi ọwọ́ tí ó wà lábẹ́ èèkù gbá bọ́ọ̀lù sókè-sókè gba Roland Garros nígbà mẹ́fà láàárín 1974 sí 1981, ó sì tún fi ìgbá kan náà gba Wimbledon nígbà márùn-ún léraléra láti 1976 sí 1980, tí ó fi dá àwọn tí ó ní irú ìgbá bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ lórí koríko lóhùn. Lónìí, semi-Western àti àwọn tí ó súnmọ́ ọn ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀jẹ̀, Continental kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ nínú fóháàndì àfi nígbà tí eléré bá wà lẹ́bàá àwọ̀n tàbí tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ilẹ̀ dé orí rákẹ́ẹ̀tì

Fóháàndì ti bẹ̀rẹ̀ kí eléré tó mọ̀ pé fóháàndì ni yóò gbá. Bí alátakò bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, eléré yóò fò sókè díẹ̀, yóò sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó yà síra, orúnkún rẹ̀ yóò sì tẹ̀, ní àkókò náà gan-an tí ojú rẹ̀ ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù dorí kọ. Ìfò kékeré yìí, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kíyè sí, ni ó ń jẹ́ kí iṣan ẹsẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti ta sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ẹni tí kò bá sì fò ó yóò pẹ́ dé ìdí bọ́ọ̀lù, bí ó ti wù kí apá rẹ̀ dára tó.

Yíyí èjìká ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀jẹ̀ kì í fi apá nìkan fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn; èjìká àti ìbàdí rẹ̀ ni ó ń yí pa pọ̀, ọwọ́ kejì yóò sì wà lára ọrùn rákẹ́ẹ̀tì títí tí èjìká iwájú yóò fi kọjú sí àwọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ kejì náà yóò nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú pápá, kí ara má baà tètè ṣí sílẹ̀, kí ó má sì fì sí apá kan. Bí èjìká bá yí ju ìbàdí lọ, iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn tí ó wà láàárín wọn yóò nà, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan tí a nà, tí a sì jẹ́ kí ó sún kì lójú ẹsẹ̀, máa ń tú agbára jáde ju èyí tí ó sún kì láti ipò ìsinmi lọ. Bí a bá dúró pẹ́ jù láàárín nínà àti sísún kì, èrè náà yóò ṣòfò, ìdí sì nìyí tí ìmúra àti ìgbá àwọn ọ̀jẹ̀ fi máa ń wọnú ara wọn bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gbá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó ti gba ìwúwo ara yóò ti ilẹ̀, ilẹ̀ yóò sì ti ẹsẹ̀ náà padà pẹ̀lú agbára kan náà. Agbára yìí yóò gba orúnkún gòkè wọ ìbàdí, ìbàdí yóò yí síwájú nígbà tí èjìká ṣì wà lẹ́yìn. Èjìká yóò wá yí, apá òkè yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni apá ìsàlẹ̀ àti ọrùn ọwọ́, orí rákẹ́ẹ̀tì ni yóò sì dé kẹ́yìn. Ìtòtẹ̀léra yìí ni àwọn onímọ̀ fi wé ẹ̀wọ̀n, nítorí pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìbàdí àti àgọ́ ara wúwo, wọn kò sì lè sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín eré wọn kù ní àkókò tí ó yẹ, ohun tí wọ́n ní yóò bọ́ sí apá tí ó fúyẹ́ jù wọ́n lọ, apá yóò sì sáré ju ìbàdí, rákẹ́ẹ̀tì yóò sì sáré ju apá. Àgbẹ̀ tí ó mọ àdá ṣán kò nílò ìwé láti mọ òtítọ́ yìí: ẹni tí ó bá fi apá nìkan ṣán igbó yóò ti rẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìbàdí ṣáájú ni yóò ṣán dé ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀yà kan bá tètè ṣáájú àkókò rẹ̀, tàbí tí ó kọ̀ tí kò yí, àwọn tí ó kù ni yóò san gbèsè rẹ̀, apá àti ọrùn ọwọ́ ni ó sì sábà máa ń san án.

Nínú ìtòtẹ̀léra yìí ni ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá wo fídíò tí a dín eré rẹ̀ kù. Bí ìbàdí àti èjìká bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí síwájú, ọwọ́ yóò tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n orí rákẹ́ẹ̀tì yóò kẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ yóò sì tẹ̀ sẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ èèkù yóò fi máa tọ́ka sí bọ́ọ̀lù tí ń bọ̀. Eléré kò mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá tí kò le koko àti ìwúwo rákẹ́ẹ̀tì ni ó fà á. Ẹni tí ó bá di èèkù mú gírígírí nítorí pé ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kíkan ti dí ọ̀nà tí agbára yóò gbà kọjá.

Àkókò tí okùn kan bọ́ọ̀lù

Àkókò tí bọ́ọ̀lù ń lò lórí okùn rákẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bíi ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó máa ń gba ènìyàn tó ìdá 200 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dáhùn sí ohun tí ojú rẹ̀ rí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù ti lọ tipẹ́ kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ó ti kan okùn. Nítorí náà, kò sí eléré tí ó lè darí bọ́ọ̀lù nígbà tí ó wà lórí okùn. Ohun gbogbo tí bọ́ọ̀lù yóò ṣe ni a ti pinnu kí ó tó kan rákẹ́ẹ̀tì, láti ara ìhà tí ojú rákẹ́ẹ̀tì kọ sí, ọ̀nà tí ó ń gbà bọ̀, eré tí ó ń sá, àti ibi tí bọ́ọ̀lù ti bá a lára okùn.

Ibi tí àwọn ọ̀jẹ̀ ti jọra jù lọ nìyí, bí ìdìmú àti ìmúra wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Gbogbo wọn ni ó ń pàdé bọ́ọ̀lù níwájú ara. Gbogbo wọn ni ojú rákẹ́ẹ̀tì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán tàbí tí ó dojú bolẹ̀ díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣì tẹ̀ sẹ́yìn dé ìwọ̀n kan. Orí wọn kò sì mì. Ti Roger Federer, ọmọ Switzerland, hàn gbangba nínú àwòrán rẹ̀: bọ́ọ̀lù yóò ti kúrò lórí okùn, ojú rẹ̀ yóò sì ṣì wà níbi tí ó ti gbá a. Ojú kò lè tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù dé orí okùn pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò ní jẹ́ kí èjìká fà kúrò ní ọ̀nà, àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an sì nìyẹn.

Ìdí tí bọ́ọ̀lù fi gbọ́dọ̀ yí

Láti ìlà ẹ̀yìn pápá dé ìdí àwọ̀n jẹ́ mítà 11.885, àwọ̀n sì ga ní mítà 0.914 ní àárín. Bí eléré bá dúró sórí ìlà ẹ̀yìn, tí ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó ga ní mítà kan, tí ó gbá a tààrà láìgbé e sókè, tí bọ́ọ̀lù náà sì ń sá ní mítà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà ilẹ̀ yóò ti fà á wálẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43 kí ó tó dé ìdí àwọ̀n, yóò sì ṣubú sínú rẹ̀. Bí ó bá gbé e sókè, ewu mìíràn tún dé, nítorí pé ìlà ẹ̀yìn alátakò wà ní mítà 23.77 péré sí ibi tí ó dúró, bọ́ọ̀lù tí ó sì ga tí ó tún yára lè kọjá rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọ̀n àti ìlà yìí kéré púpọ̀ fún ẹni tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù láìjẹ́ kí ó yí.

Ohun tí ó fẹ àlàfo náà ni ohun tí àwọn eléré ń pè ní tọ́písípìn, ìyẹn yíyí tí òkè bọ́ọ̀lù ń yí síwájú bí ó ti ń lọ. Rákẹ́ẹ̀tì yóò ti ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù wá, yóò gòkè bí ó ti ń lọ síwájú, okùn rẹ̀ yóò sì ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù sókè. Bọ́ọ̀lù tí ó ń yí báyìí máa ń ti afẹ́fẹ́ sókè sẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì máa ń tì í wálẹ̀, tí ó fi ń tẹ̀ sílẹ̀ kíákíá ju bí òòfà ilẹ̀ nìkan ì bá ṣe fà á lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: Isaac Newton ti mẹ́nu kan bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí ó tẹ̀ lójú ọ̀nà nínú lẹ́tà kan ní 1672, Lord Rayleigh kọ ìwé lórí ìrìn bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ní 1877, orúkọ Gustav Magnus, onímọ̀ ará Jámánì tí ó ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n sì fi ń pe agbára náà títí di òní.

Nígbà tí John Yandell, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, lo kámẹ́rà tí ń ya àwòrán kíákíá láti ka bí bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀jẹ̀ ṣe ń yí, ó rí i pé fóháàndì Pete Sampras àti ti Andre Agassi ń yí ní nǹkan bíi 1,800 sí 1,900 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti Federer ní nǹkan bíi 2,700, ti Rafael Nadal sì tó 3,200, tí ó máa ń súnmọ́ 5,000 nígbà mìíràn. Ìgbà 3,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ju ìgbà 50 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí èyí ń ṣe sí alátakò hàn kedere nínú ìjà Nadal àti Federer ní Roland Garros, níbi tí Nadal ti borí rẹ̀ nínú ìdíje àṣekágbá 2006, 2007, 2008 àti 2011. Ọlọ́wọ́ òsì ni Nadal. Bí ó bá gbá fóháàndì rẹ̀ gba igun pápá kọjá, bákíháǹdì ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń lọ bá, amọ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́ láti ta dé èjìká, ibi tí ó nira jù lọ fún ẹni tí ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá bákíháǹdì bíi Federer. Ìmọ̀ nípa yíyí bọ́ọ̀lù ti di ohun ìjà tí ó ní ibi tí ó ń lọ àti ìdí tí ó fi ń lọ síbẹ̀.

Ohun tí ohun èlò fi kún un

Kò bójú mu láti yin àwọn ọ̀jẹ̀ òde òní láìdá ohun èlò wọn mọ̀. Orí rákẹ́ẹ̀tì onígi tí ó jọba títí di nǹkan bíi 1980 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 420 sí 450, ibi tí ó dára láti fi kan bọ́ọ̀lù lára rẹ̀ sì kéré, tí ẹni tí ó bá fẹ́ ha bọ́ọ̀lù sókè kíkan fi wà nínú ewu kí etí igi gbá a. Ní 1976 ni rákẹ́ẹ̀tì olórí ńlá tí Howard Head ṣe fún ilé-iṣẹ́ Prince jáde; nígbà tí ó sì yá, èròjà tí ó le tí ó sì fúyẹ́ rọ́pò igi pátápátá. Orí rákẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀jẹ̀ lónìí sábà máa ń wà láàárín 610 sí 645. Federer fúnra rẹ̀, tí ó ti lo olórí kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní 2014.

Okùn ni ó tún wá yí ọ̀rọ̀ padà. Gustavo Kuerten, ọmọ Brazil, gba Roland Garros ní 1997 pẹ̀lú okùn polyester, okùn líle tí ó ń dán, láìpẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá ń ha bọ́ọ̀lù sókè, àwọn okùn òòró máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì padà sí àyè wọn kí bọ́ọ̀lù tó fò lọ, ìpadà náà ni ó sì ń fi yíyí kún yíyí. Àwọn aláṣẹ eré náà ti mọ agbára irú ohun bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ní 1978 ni wọ́n ṣe òfin tí ó lé rákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n hun okùn rẹ̀ lọ́nà àrà jáde, èyí tí ó máa ń mú bọ́ọ̀lù yí kọjá ààlà. Síbẹ̀, ohun èlò kò lè dá nǹkan ṣe fún ẹni tí kò ní ètò. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹni tí ó ní i lè fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì tún balẹ̀ sínú ìlà.

Ibi tí àríyànjiyàn wà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ni máa ń jiyàn lé lórí jù lọ. Èkínní ni ìdúró. Àwọn àgbà olùkọ́ni ìgbà kan rọ̀ mọ́ ọn pé ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú sí ìhà àwọ̀n kí ìwúwo ara lè bá bọ́ọ̀lù lọ. Lónìí, ìdúró ṣíṣí, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà tí àyà sì ń kọjú sí àwọ̀n, ni ó wọ́pọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá yára tàbí tí ó bá jìnnà. Serena Williams fi í gbá fóháàndì tí ó lágbára ní gbogbo ìgbà tí ó fi jọba. Àwọn méjèèjì ni ó tọ́ ní àyè tiwọn: títẹ̀ síwájú dára fún bọ́ọ̀lù tí ó kúrú tí ó sì lọ́ra, ìdúró ṣíṣí dára fún èyí tí kò fún eléré láyè, ó sì ń jẹ́ kí ó tètè padà sí àárín pápá. Èjìká gbọ́dọ̀ yí nínú méjèèjì, ẹni tí ó bá sì fi ìdúró ṣíṣí ṣe àwáwí láti má yí i ti pàdánù ohun tí ó ń wá.

Èkejì ni bóyá apá gbọ́dọ̀ nà tàbí kí ó tẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì bá kan bọ́ọ̀lù. Ti Federer, ti Nadal àti ti Carlos Alcaraz máa ń nà. Ti Novak Djokovic àti ti Agassi máa ń tẹ̀. Apá tí ó nà ń mú kí orí rákẹ́ẹ̀tì jìnnà sí ara, kí ó sì yára sí i, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí ẹsẹ̀ gbé eléré dé ibi tí ó yẹ gan-an. Apá tí ó tẹ̀ ń dárí jì í bí bọ́ọ̀lù bá súnmọ́ ọn jù. Djokovic gba ife ẹ̀yẹ ńlá 24 pẹ̀lú apá tí ó tẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó dé ibi gíga.

Ẹ̀kẹta ni ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ́ láti já a síwájú kíkan kí bọ́ọ̀lù lè yí. Ohun tí fídíò fi hàn yàtọ̀: ohun tí ó ń yí rákẹ́ẹ̀tì kọjá iwájú ojú lẹ́yìn ìgbá ni apá òkè tí ó ń yí wọnú láti ìdí èjìká àti apá ìsàlẹ̀ tí ó ń dojú bolẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ń gba agbára kọjá, òun kọ́ ni orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí rákẹ́ẹ̀tì parí sí, ìbáà jẹ́ lórí èjìká, ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, tàbí lókè orí bíi ti Nadal, jẹ́ àbájáde ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àfarawé rẹ̀ nìkan kò sì lè mú ìgbá dára.

Gbèsè tí ara ń san

Fóháàndì àwọn ọ̀jẹ̀ ní iye tí ó ń ná ara. Juan Martín del Potro, ọmọ Argentina tí ó ga ní mítà 1.98, fi fóháàndì tí ó kan gbòǹgbò borí Federer nínú ìdíje àṣekágbá US Open ní 2009, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Dominic Thiem, ọmọ Austria tí ó gba US Open ní 2020, fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣèṣe ní 2021, kò sì padà dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó fi eré náà sílẹ̀ ní 2024. Ìdìmú tí ọwọ́ wà lábẹ́ èèkù máa ń gbé wàhálà sí ìhà ìka ọmọńdinrín lára ọrùn ọwọ́, okùn líle sì ń fi kún agbára ìkọlù tí ń bọ̀ láti ara bọ́ọ̀lù. Nítorí èyí, ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi kí a tó fún ọmọdé tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó ní okùn polyester àti ìdìmú Western, kìkì nítorí pé ọmọ náà rí wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara rẹ̀ láti gbé ẹrù náà.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún olùkọ́ni àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àwọn ohun tí ó ń fa ojú mọ́ra nínú fóháàndì àwọn ọ̀jẹ̀, bí ìdìmú, apá nínà àti bí rákẹ́ẹ̀tì ṣe ń parí lókè orí, ni ó yàtọ̀ jù lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, nígbà tí àwọn ohun tí kò gba àfiyèsí, bí ìfò kékeré, yíyí èjìká lásìkò, títi ilẹ̀, ọwọ́ tí kò le àti pípàdé bọ́ọ̀lù níwájú ara, wà lára gbogbo wọn. Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́, kí a sì fi sùúrù kọ́ wọn, títí tí ara yóò fi mọ ètò náà láìrò ó. Ìgbà yẹn ni ìdìmú àti àṣà tí ó bá ara akẹ́kọ̀ọ́ mu yóò ní ìpìlẹ̀ tí ó lè dúró lé, tí agbára tí ó bá sì ní, bí ó ti wù kí ó kéré, yóò dé orí rákẹ́ẹ̀tì láìṣòfò lójú ọ̀nà.